Ìtàn Pápá Bàálù Ológun Ìkẹjà: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Alímọ̀ṣọ́ Mọ̀

Ẹni tó bá ń gbé Ṣáṣá, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìkòtún, ìró bàálù kì í ṣe nǹkan tuntun sí i. Bó bá ti ń kọjá lókè ilé, àwọn ọmọdé á máa juwọ́ sí i, àwọn àgbà á dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ kí ariwo náà lè rékọjá. Ó ti mọ́ wa lára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì wà tí àwọn tó ti dàgbà nínú wa kò lè gbàgbé. Ọ̀kan ni ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1992. Èkejì ni ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002.

Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọjọ́ méjèèjì ti ń di géńdé báyìí. Bí wọ́n bá bi wá pé, "Kí ni àwọn ológun ń ṣe nítòsí wa? Ta ló kó àdó olóró sáàárín ìlú?", ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rí ìdáhùn tó gún régé fún wọn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí pápá bàálù ológun Ìkẹjà ṣe bẹ̀rẹ̀, irú bàálù ajubọ́ǹbù tó gba ilẹ̀ wa kọjá, bí ìlú ṣe wá yí àwọn ológun ká, àti ẹ̀kọ́ tó kù fún ìdílé kọ̀ọ̀kan láti mú lò.

Bàálù ajubọ́ǹbù àti ibùdó rẹ̀

Bàálù ológun kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Kékeré tó yára wà, tó ń bá bàálù ọ̀tá jà lójú ọ̀run. Èyí tó ń kó ọmọ ogun àti ẹrù wà. Èyí tó ń ju àdó olóró sí ojú ogun, nítòsí ibi tí àwọn ọmọ ogun ti dojú kọra, náà wà. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ayé jù lọ ni bàálù ńlá tí wọ́n kọ́ láti gbéra ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, kó fò kọjá òkun àti aṣálẹ̀, kó ju àdó olóró sí ilé iṣẹ́, èbúté tàbí ìlú ọ̀tá, kó sì padà wálé. Àpẹẹrẹ kan ni B-52 ti Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1952. Ẹ́ńjìnnì 8 ló ní. Ó lè fò tó kìlómítà 14,000 láìgba epo lójú ọ̀nà, ó sì lè gbé àdó olóró tó tọ́ọ̀nù 30. Lónìí, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà nìkan ló ní irú bàálù bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà kò ní in rí.

Nǹkan mẹ́ta ni ibùdó irú bàálù bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní: ojú pápá tó gùn dáadáa, epo tó pọ̀, àti àká tí wọ́n ń kó àdó olóró sí. Ọ̀rọ̀ àká yìí ló kàn wá jù. Bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ́ ọ ni pé kó jìnnà sí ilé gbígbé. Wọ́n á pín àdó olóró sí ilé kéékèèké tó jìnnà síra, wọ́n á sì wọ́ yẹ̀pẹ̀ jọ yí wọn ká, tàbí kí wọ́n fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé bí ọ̀kan bá bú, kó má ran èkejì, kí agbára rẹ̀ sì gbòkè lọ dípò kó gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá ènìyàn. Ẹni tó bá rí ilẹ̀ ṣófo tó wà láàárín àká náà àti ilé àwọn ará ìlú lè rò pé wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣòfò ni. Ilẹ̀ ṣófo yẹn gan-an ni ààbò. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń bá ìtàn lọ.

Nígbà ogun Hitler

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1940, Ítálì wọ Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hitler. Ojú òkun tó wà láàárín Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà wá léwu gan-an fún ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń kó ohun ìjà lọ sí Íjíbítì. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n ń di bàálù sínú àpótí, wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó o lọ sí èbúté Takoradi ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀. Láti Takoradi, àwọn bàálù náà á fò wá sí Èkó, wọ́n á gba Kánò àti Màídúgùrì, wọ́n á la ilẹ̀ Chad àti Sudan kọjá, títí wọ́n á fi dé ẹ̀bá Cairo. Ìrìn àjò náà tó bíi kìlómítà 6,000.

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1940 ni ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra. Bàálù ajubọ́ǹbù kan tó ń jẹ́ Blenheim ló ṣíwájú, bàálù ìjà Hurricane mẹ́fà sì tẹ̀ lé e. Awakọ̀ nìkan ló ń wà nínú Hurricane, kò sí ẹni tí yóò máa fi ọ̀nà hàn án. Blenheim ló ń mọ̀nà fún wọn. Èkó ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó forí lé òkè ọya. Lẹ́yìn wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ló gba ọ̀nà yìí kí ogun tó parí. Bàálù ajubọ́ǹbù tó jà ní aṣálẹ̀ Líbíyà àti Íjíbítì ti kọ́kọ́ ké lókè ilẹ̀ Yorùbá.

Láàárín àwọn ọdún ogun yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì la pápá bàálù Ìkẹjà. Igbó àti oko ló yí i ká nígbà náà. Ìkẹjà jìnnà sí Èkó tí èrò ń gbé. Àwọn abúlé Àwórì tó wà ní ìhà Alímọ̀ṣọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ẹni tó máa wo àyíká pápá náà lọ́jọ́ yẹn tó máa rò pé ilé yóò kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Nígbà tí Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀

Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba pinnu pé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ọmọ ogun òfuurufú tirẹ̀. Ní ọdún 1962, wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́kùnrin àkọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní Etiópíà. Àwọn mìíràn lọ sí Kánádà àti Íńdíà. Ní ọdún 1964, òfin tó dá iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú sílẹ̀ jáde. Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì ló kọ́kọ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ará Jámánì sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, Gerhard Kahtz. Bàálù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ti ìjà. Kéékèèké fún ìkọ́ṣẹ́ àti èyí tó ń kó ẹrù ni.

Ogun abẹ́lé ọdún 1967 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí Biafra ya kúrò, àwọn ará Jámánì padà sí ìlú wọn, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ ta bàálù ìjà fún Nàìjíríà. Sófíẹ̀tì ló tà á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, bàálù MiG-17 àti L-29 bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Kánò. Lẹ́yìn wọn ni Il-28 dé, bàálù ajubọ́ǹbù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí ènìyàn mẹ́ta ń wọ̀. Àwọn awakọ̀ láti Íjíbítì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wà á. Il-28 yìí ló súnmọ́ bàálù ajubọ́ǹbù ńlá jù lọ nínú gbogbo ohun tí Nàìjíríà ti lò rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè fò jìnnà bíi B-52.

Ó yẹ ká sọ òtítọ́ nípa ohun tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ọmọ ogun nìkan ni àdó olóró náà pa. Ó bọ́ sí ọjà, ó bọ́ sí ilé ìwòsàn, ó pa obìnrin àti ọmọdé ní ilẹ̀ Ìgbò. Àwọn ará Biafra náà ní bàálù ajubọ́ǹbù tiwọn, B-26 àti B-25 àlòkù. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1967, bàálù wọn kan tó wá ṣọṣẹ́ ní Èkó bú gbàmù lójú ọ̀run, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1969, àwọn bàálù Biafra kéékèèké tí ará Sweden kan, Carl Gustaf von Rosen, ṣáájú wọn, kọ lu pápá bàálù Port Harcourt, Benin àti Enugu. Ibi tí bàálù ìjà bá wà ni ọ̀tá máa ń kọ́kọ́ fojú sùn.

Ogun náà mú ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú pàápàá lọ. Ọ̀gágun Shittu Alao, tó gba ipò náà ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1967, kú nínú ìjàǹbá bàálù ní Uzebba ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1969. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ogun parí. Ṣùgbọ́n ohun ìjà kì í tán lọ́jọ́ tí ogun bá tán. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, ibì kan gbọ́dọ̀ gbà á, bó bá sì ti ń gbó sí i ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ìlú wá bá ológun

Lẹ́yìn ogun, àwọn bàálù ìjà ní ibùdó tiwọn ní ibòmíràn. MiG-21 àti Jaguar wà ní Makurdi, Alpha Jet wà ní Kainji. Ìkẹjà di ibi tí bàálù akẹ́rù àti iṣẹ́ àtúnṣe wà. Láti ọdún 1975 ni bàálù akẹ́rù ńlá C-130 ti ń dé sí Nàìjíríà, Ìkẹjà sì ni ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 1979, ìjọba ṣí pápákọ̀ òfuurufú tuntun níbẹ̀, wọ́n fi orúkọ Murtala Muhammed sọ ọ́, olórí orílẹ̀-èdè tí wọ́n pa ní ọdún 1976.

Láàárín àkókò yìí ni Èkó ń ya wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Oko di ilé, abúlé di àdúgbò. Ẹni tí owó ilé Surulere tàbí Mushin ti ju agbára rẹ̀ lọ, Ẹgbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún tàbí Ìgandó ló wá ra ilẹ̀ sí. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tó ń kànìyàn ka 1,277,714 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Àwọn ológun wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ ilé tó dé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ẹni tó ń ra ilẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri wọn.

Ó yẹ ká la ohun kan yéra, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da àwọn ibi mẹ́ta kan pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pápákọ̀ òfuurufú tí àwọn èrò ń wọ bàálù. Èkejì ni ibùdó ọmọ ogun òfuurufú tí wọ́n ń pè ní Sam Ethnan, ní Ìkẹjà. Ẹ̀kẹta ni bárékè ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní Ìkẹjà, tí wọ́n ń pè ní Cantonment. Iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni ibùdó àwọn ológun méjèèjì. Ìjàǹbá ọdún 1992, bàálù ọmọ ogun òfuurufú ló ṣẹlẹ̀ sí. Ti ọdún 2002, àká ohun ìjà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ló bú.

Ọjọ́ méjì tí a kò gbàgbé

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1992, bàálù C-130 kan gbéra ní Ìkẹjà. Àwọn ọ̀gágun tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní Jaji ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, títí kan àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Kò pẹ́ tó gbéra tí àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bàálù náà já sínú àbàtà Èjìgbò, kò jìnnà sí Ìkòtún. Ó lé ní 150 ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó yè é.

Ọdún mẹ́wàá kò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tí èkejì fi dé. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002 ni. Ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú, àkókò ìrun mọ̀gàríbì ń súnmọ́, nígbà tí iná dé ibi tí àwọn ohun ìjà wà ní Cantonment Ìkẹjà. Àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú léraléra. Ilẹ̀ ń mì, gíláàsì ojú fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà, ojú ọ̀run pọ́n. Àwọn kan rò pé ogun ti dé, àwọn mìíràn rò pé àwọn ológun ló fẹ́ gbàjọba. Kò sí ẹni tó tètè bọ́ sórí rédíò láti sọ fún ará ìlú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àti ibi tó yẹ kí wọ́n gbà.

Nínú òkùnkùn yẹn ni àwọn tó ń sá láti ìhà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò ya lọ sí kánàálì Òkè-Àfà. Koríko ti bo ojú omi náà, ó sì dà bí ilẹ̀ líle lójú ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Àwọn tó ṣáájú já sínú omi, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n sì ń tì wọ́n síwájú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú sínú omi, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àpapọ̀ àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní 1,000 gẹ́gẹ́ bí Red Cross ti sọ. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni àwọn òbí fi ń wá ọmọ tí ọwọ́ wọn já lára rẹ̀ nínú èrò. Òkè-Àfà ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú sí, wọ́n sì mọ òkúta ìrántí síbẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú, àdó olóró kò kàn wọ́n rárá. Wọ́n ti jìnnà sí Cantonment. Ohun tó pa wọ́n ni pé wọn kò mọ ohun tó ń bú, wọn kò sì mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ.

Àwọn aláṣẹ ológun pàápàá gbà lẹ́yìn náà pé àká náà ti gbó, pé àwọn àdó olóró ńláńlá wà nínú rẹ̀, àti pé wọ́n ti ń gbèrò àtiṣe àtúnṣe kí ìjàǹbá tó ṣáájú wọn. Ààbò tí a sọ lókè, ilẹ̀ ṣófo tó yẹ kó wà láàárín àká àti ilé, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìlú ti bò ó.

Kì í ṣe Èkó nìkan

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 2012, àká ohun ìjà àwọn ológun bú ní Mpila, láàárín ìlú Brazzaville ní Congo. Ó lé ní 200 ènìyàn tó kú. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta, ọdún 2021, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní bárékè kan ní Bata, ní Equatorial Guinea. Ènìyàn tó kú lé ní 100, àwọn tó fara pa sì lé ní 600. Ìlú mẹ́ta, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ìdí kan náà: ohun ìjà nínú àká tí ilé gbígbé ti yí ká.

Ewu kejì ni ti ogun. Engels ní Rọ́ṣíà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibùdó bàálù ajubọ́ǹbù tó lókìkí jù láyé. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2022, dúróònù Ukraine kọ lù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ló wà láàárín rẹ̀ àti ojú ogun. Àwọn ará ìlú tó ń gbé nítòsí rẹ̀ ló gbọ́ ìró náà lórí ibùsùn wọn.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

A kò kọ èyí láti dá ìbẹ̀rù sílẹ̀, a kò sì kọ ọ́ láti bá àwọn ológun ṣe ọ̀tá. Ọmọ wa, ẹ̀gbọ́n wa àti àbúrò wa wà nínú wọn. Ohun ìjà tí ìlú kó lé wọn lọ́wọ́, amáánà ni. Amáánà sì ní ojúṣe méjì: kí ẹni tó gbà á ṣọ́ ọ dáadáa, kí ẹni tó fi lé e lọ́wọ́ sì lè béèrè rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n tú àṣírí ogun síta. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò wa àti àwọn aṣojú wa béèrè bóyá ohun ìjà tó ti gbó ń kúrò láàárín ìlú, àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kéde fún ará ìlú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Nínú ilé tiwa náà, àwọn nǹkan kan wà tí kò gba owó:

Kí gbogbo ìdílé mọ ọ̀nà méjì ó kéré tán tí wọ́n lè gbà jáde ní àdúgbò wọn, kí wọ́n sì mọ ibi tí kánàálì, odò àti àbàtà wà. Ẹ mú àwọn ọmọ rìn ín lójú mọ́mọ́, kó má baà jẹ́ òru ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí i.

Kí ẹ yan ibì kan tí gbogbo yín máa pàdé bí ẹ bá túká. Mọ́sálásí àdúgbò tó jìnnà sí omi dára fún èyí, nítorí ọmọdé mọ̀ ọ́n.

Kí ọmọ tó bá ti lè sọ̀rọ̀ mọ orúkọ àwọn òbí rẹ̀ ní kíkún àti nọ́ńbà fóònù kan sórí.

Bí ẹ bá gbọ́ ìbúgbàmù, ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ògiri tó lágbára, ẹ má kàn gbéra sáré tẹ̀ lé èrò. Ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó.

Bí ẹ bá rí irin tó jọ ọta tàbí àdó olóró nínú ilẹ̀ tí ẹ ń gbẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Lẹ́yìn ọdún 2002, àwọn tí kò tíì bú fọ́n ká àdúgbò, ó sì di iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kó wọn.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. A gbára lé Ọlọ́hun, a sì ń ṣọ́ra. Nígbà tí ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní bá tún yí po, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa, ká sì mú wọn dé Òkè-Àfà láti wo òkúta ìrántí náà. Kí Ọlọ́hun forí ji àwọn tó lọ, kó tu àwọn òbí tí kò rí ọmọ wọn mọ́ nínú, kó sì dá ẹ̀mí wa sí. Àmín.